Ta ni yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ rìn? Ìjíròrò lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fa ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú

Aṣojú Kíláàsì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè, èmi sì ni aṣojú kíláàsì wa. Ẹ rántí pé àjọ INEC tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò ní oṣù kẹjọ ọdún 2025: ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18, ti ojúkojú sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 25. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn kan wá ṣe ìlanilọ́yẹ̀ fún wa. Wọ́n pín fìlà, wọ́n pín omi inú ọ̀rá, àgbà mẹ́ta sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lórí ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. A pàtẹ́wọ́, a túká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo béèrè nínú kíláàsì ẹni tó ti lọ forúkọ sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni méjì péré ló nawọ́. Nígbà tí mo sì fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ débi ìlanilọ́yẹ̀ náà. Alábàágbé rẹ̀ ló ń lọ, tó sọ fún un pé, "Dìde, wọ bàtà, jẹ́ ká jọ lọ."

Gbólóhùn yẹn ni mo dì mú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin fohùn ṣọ̀kan pé kí oníkálukú wa mú ẹni mẹ́ta péré, nínú họ́sítẹ̀lì tó ń gbé, kí ó má sì mú ẹni tí kò mọ̀ dáadáa. A jókòó tì wọ́n ní alẹ́, a jọ kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, a yan ọjọ́, a sì dáwó kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí níbẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa wà. Nínú ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a kà sílẹ̀, mọ́kànlá ló parí rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù ní ìdánwò, ẹnì kan nínú wọn sì sọ fún mi gbangba pé òun kò rí ohun tí ìbò lè ṣe fún òun, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti wí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Èkíní, ǹjẹ́ irú ìtìlẹ́yìn yìí, tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún ẹgbẹ́, lè kọjá ọ̀rọ̀ káàdì ìdìbò dé àwọn ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn, bíi gọ́tà, iná òpópónà àti ètò ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀? Èkejì, níbo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀, ní ìlú tí ó ti ń kàwé ni àbí ní ilé àwọn òbí rẹ̀?

Olùkọ́ Afẹ̀yìntì

Aṣojú Kíláàsì, o ṣe é re. Ohun tí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rí ni àwọn onímọ̀ kan ti fi ìwádìí wò. Ní ọdún 1998, Alan Gerber àti Donald Green pín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n olùdìbò ní ìlú New Haven, ní Amẹ́ríkà, sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn kan, wọ́n pe àwọn kan lórí fóònù, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn àwọn mìíràn láti bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwọn tí wọ́n kàn sí nílé jáde dìbò ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ ní kedere, lẹ́tà ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè orí fóònù kò mú nǹkan kan wá. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde.

Èyí tó kan yàrá họ́sítẹ̀lì gan-an ni ti David Nickerson, tí ó jáde ní ọdún 2008. Ilé tí olùdìbò méjì ń gbé ni ó yàn, ní Denver àti Minneapolis. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: wọ́n ní kí àwọn kan jáde dìbò, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tó ṣeé tún lò fún àwọn kan, kí wọ́n lè fi wéra. Ẹnì kejì tó wà ní ìyẹ̀wù, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àlejò, gba nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ipa tí ọ̀rọ̀ náà ní lórí ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ ro èyí wò ní yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń pín ààrò kan lò.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ká gbé ìwádìí òkèèrè lérí bí ẹní gbé fìlà onífìlà. Orúkọ àwọn tí wọ́n lò níbẹ̀ ti wà nínú ìwé olùdìbò tẹ́lẹ̀. Tiwa nìyí: nínú 93,469,008 olùdìbò tó wà nínú ìwé INEC fún ìdìbò ọdún 2023, 26,027,481 ló fi ara wọn hàn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ nínú olùdìbò mẹ́wàá ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn tó jáde fún ti ààrẹ kò tó mẹ́ta. Orúkọ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹsẹ̀ ni a kò rí.

Ọmọ Rẹ́mọ

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má dá ẹsẹ̀ nìkan lẹ́bi. Ìdìbò ààrẹ wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, ti gómìnà sì wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, NUC, pàṣẹ pé kí gbogbo yunifásítì ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta, nítorí ààbò. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nílé rí àyè lọ dìbò, ìyẹn dára. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ìlú tí ó ti ń kàwé ńkọ́? Wọ́n ní kí ó kẹ́rù rẹ̀ kúrò níbi tí ibùdó ìdìbò rẹ̀ wà. Èmi ò tíì wọ yunifásítì nígbà náà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an nìyẹn. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílé ní Ìkòròdú, ó ń wo àwọn ẹlòmíràn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní tèmi, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo wà, inú ọgbà ni a ń gbé, a kì í sì í jáde láìgba ìwé àyè. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá kò sí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí a lè ṣe ni kí ẹni tó ń lọ sílé ní ìsinmi mọ ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́gbà, kí alábàágbé rẹ̀ sì máa pè é títí yóò fi lọ. Mo ti ṣe é fún ẹni méjì báyìí. Ó rẹ̀ mí, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn kì í gbé ìpè.

Amòfin Kékeré

Kúkúrú ni tèmi. Ibi tí orúkọ rẹ wà nìkan ni o ti lè dìbò, ìforúkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìdìbò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun yóò forúkọ sílẹ̀ nílé, kí òun tún ṣe é ní Àgọ́-Ìwòyè. Bí o bá ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí o sì ti kó kúrò níbẹ̀, ìgbékúrò ni kí o béèrè fún lọ́dọ̀ INEC. Ẹ̀yin alábàárìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa bi ẹni tí ẹ fẹ́ mú lọ ni pé, "Ǹjẹ́ o ti ṣe é rí?" Mo mọ ẹnì kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìfẹ́ tì wọ inú wàhálà yìí.

Lórí ètò ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ tí Aṣojú Kíláàsì mẹ́nu bà, òfin òmìnira ìròyìn ti wà láti ọdún 2011. Ẹ lè kọ lẹ́tà béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn.

Bàbá Onílé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Họ́sítẹ̀lì kékeré kan ni mo ní ní Àgọ́-Ìwòyè yìí, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí inú yín kò ní dùn sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àlejò ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó dé, ó san owó ilé ọdún kan, ó gbé ẹ̀rọ orin síta ní òru, ó da ọ̀rá búrẹ́dì sí gọ́tà, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì lọ. Nígbà tí tíráńsífọ́mà wa jó, a dáwó, mo sì pín iye tó kan họ́sítẹ̀lì mi fún àwọn ọmọ tó ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bá mi jà pé ti onílé ni, kì í ṣe tiwọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó ń ka ìṣirò owó, bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní ká san. Ìgbà wo ni ẹ pè wá síbi tí ẹ ti ṣírò rẹ̀?" Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí ìpàdé náà, a kò pe akẹ́kọ̀ọ́ kan wá rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ní àdúgbò wa, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju onílé lọ.

Gbóríyìn Ìjagun

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó ti já kulẹ̀. A ṣe irú nǹkan yìí rí níhìn-ín. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, a kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi lé ní ogójì. Ẹnì kan wá ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu lórí owó mọ́tò, pé òun mọ ẹ̀gbọ́n kan tí yóò gbé bọ́ọ̀sì fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀sì náà dé lóòótọ́, àwòrán olóṣèlú sì wà lára rẹ̀ tiwájú-tẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, ojú ẹgbẹ́ ìpolongo ni gbogbo ènìyàn fi ń wò wá. Àwọn tó kórìíra ẹgbẹ́ òṣèlú náà jáde, àwọn tó kù ń béèrè iye tí a máa pín. Ọ̀rọ̀ "dìbò kí o sebẹ̀", ìyẹn títa ìbò fún owó, wọ àárín àwọn tó pè ara wọn ní alátùn-únṣe. Ta ni yóò san owó mọ́tò? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń wó, ẹ má tan ara yín.

Aṣojú Kíláàsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bóyá nítorí pé a kéré ni kò fi tíì ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹni mẹ́rin ló máa ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kan, tí a bá ka èyí tó jókòó ti awakọ̀, owó rẹ̀ kò ju èyí tí ènìyàn lè yọ nínú owó oúnjẹ rẹ̀ lọ. Bí a bá di ogójì, bọ́ọ̀sì ni a ó nílò, bọ́ọ̀sì sì ní olówó. Mo rò pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀wọ́ kan ju ohun tó lè dáwó fún ara rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá pọ̀ sí i, ọ̀wọ́ mìíràn ni kí wọ́n dá, pẹ̀lú alábàárìn tiwọn.

Olùkọ́ Afẹ̀yìntì

Mo gbà pẹ̀lú rẹ, mo sì fi kún un lórí WhatsApp. Ní ọjọ́ ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2010 ní Amẹ́ríkà, Facebook fi ọ̀rọ̀ ìdìbò han nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gọ́ta ènìyàn. Àwọn tó rí ìkéde lásán kò jáde dìbò ju àwọn tí kò rí nǹkan kan lọ. Àwọn tó rí ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ti dìbò lábẹ́ ìkéde náà ni ó sún díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni agbára rẹ̀ sì ti wá. Ìsúnsíwájú náà kéré tí a bá kà á lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ogójì ènìyàn tí kò mọ ara wọn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kò yàtọ̀ sí ìkéde lásán.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ jẹ́ kí òbí náà sọ tirẹ̀. Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí Táì Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́ wa níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń dúró de òṣìṣẹ́ kí ó tó gbálẹ̀ tàbí kí ó roko. Nítorí náà, bí ọmọ mi bá ní òun fẹ́ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, èmi ni yóò ra ṣọ́bìrì. Ọ̀rọ̀ ìbò ni àyà mi máa ń já sí. A mọ ohun tí àwọn jàǹdùkú máa ń ṣe ní ibùdó ìdìbò, ìbejì sì ni mo bí, àwọn méjèèjì jọ wà ní yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọmọ ọlọ́mọ lọ, bí ìjà bá bẹ́, ta ni yóò mú un bọ̀?

Ọmọ Rẹ́mọ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o, mà. Ìdí tí àwọn Aṣojú Kíláàsì fi ń rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin náà nìyẹn. Ẹni tó dá lọ ni ènìyàn lè fà sẹ́yìn. Àwọn tó jọ jáde mọ iye ara wọn, wọ́n sì mọ̀ bí ẹnì kan kò bá tíì padà wálé.

Ọmọ Ojúde Ọba

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti kọ tó báyìí láìsí ẹni tó dárúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ṣé kì í ṣe Ìjẹ̀bú ni a wà ni? Àwọn tí ìbí wọn sún mọ́ra ní ọdún bíi mélòó kan ni ó ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ní olórí tirẹ̀. Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Kayọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí oyè ní ọdún 1960, tó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ló sọ ètò náà jí. Ojú aṣọ àti ìjó Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ni àwọn àlejò mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ìdáwó ni ìdí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ rẹ ṣe iṣẹ́ kan fún ìlú, o kò lè sọ pé o kò gbọ́, nítorí pé ẹni tó ń bi ọ́ ni ẹni tí ẹ jọ dàgbà, tó mọ ilé rẹ, tó sì mọ iye tí o fi ra aṣọ ẹgbẹ́. Ìtìjú ẹgbẹ́ lágbára ju ìwàásù àgbà lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ibẹ̀ kọ́gbọ́n. Ọmọ tó wá láti Àkúrẹ́ tàbí láti Bẹ́núé kò ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ wọlé lọ́dún kan náà. Bí sẹ́ẹ̀tì kan bá mú gọ́tà àdúgbò kan tàbí iná òpópónà kan, tí ó sì ní kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe ju tòun lọ, ẹ ó rí i bí ìdíje yóò ṣe wọ̀ ọ́.

Gbóríyìn Ìjagun

Sẹ́ẹ̀tì a máa lọ, sà. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wà títí ẹni yóò fi kú, sẹ́ẹ̀tì kì í ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹni tó mọ orúkọ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ lónìí ti wà ní àgọ́ àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìmọ̀ rẹ̀ sì bá a lọ.

Aṣojú Kíláàsì

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kí ọlọ́dún kẹta má ṣe mú ọlọ́dún kẹta ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí ó mú ọlọ́dún kìíní kan mọ́ ọn, kí wọ́n jọ máa lọ síbi gbogbo tí ó ń lọ, kódà kí ọmọ náà má tíì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lórí ibi ìforúkọsílẹ̀, ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé kí a má ṣe pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́dún kìíní tó bá fẹ́ dìbò níhìn-ín fún ọdún mẹ́rin lè ṣe é níhìn-ín, ṣùgbọ́n kí a sọ ti ọdún 2023 fún un kí ó tó yàn. Ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́, ilé ni kí ó gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá Onílé

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú alága wa. Àwọn méjì kan nínú ìgbìmọ̀ kọ̀, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé àṣírí ìpàdé síta. Mo bi wọ́n léèrè irú àṣírí tó wà nínú gọ́tà. A fẹnu kò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ní Sátidé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì rí ìwé ìṣirò owó tíráńsífọ́mà. Wọn kò tíì fún wọn ní ìbò nínú ìpàdé o. Ìyẹn di ìgbà mìíràn.

Aṣojú Kíláàsì

Bàbá, inú wa dùn, a dúpẹ́ púpọ̀. Àwọn méjì tí yóò wá ni ọmọbìnrin tó bi yín ní ìbéèrè nígbà yẹn (ẹ má bínú, họ́sítẹ̀lì yín ni mo ti rí i), àti ọlọ́dún kìíní kan tó wá láti Mákúrdí. Ọlọ́dún kìíní yìí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, kò sì gbọ́ Ìjẹ̀bú rárá. Ó fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé òun yóò kàn jókòó láìgbọ́ nǹkan kan láàárín àwọn àgbà. Ó ní kí n béèrè ẹni tí yóò jókòó ti òun.

Bàbá Onílé

Ìyàwó mi ni yóò jókòó tì í. Ó ṣe tíṣà ní Mákúrdí fún ọdún mẹ́fà kí n tó fẹ́ ẹ. Agogo mẹ́wàá la ó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má pẹ́.